Ẹni tá à ń gbé lọ síbi iṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́: ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi torí ó ti pẹ́ tó ti wà lọ́kàn mi, kí ẹ̀yin náà wá sọ tiyín.

Arẹ́pò ni mò ń gbé, Marina ni ọ́fíìsì wa wà. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn mọ̀ pé tí aago márùn-ún ìdájí bá ti kọjá tó o ṣì ń wá bàtà, ọjọ́ yẹn ti bàjẹ́, torí kó o tó jáde ní Berger, kó o tó já sí Ojota, kó o tó gun Third Mainland, mọ́tò á ti tò lọ rẹrẹ. Àńtí kan wà níbi iṣẹ́ wa, wọ́n jù mí lọ dáadáa, á tó ọdún mẹ́wàá, Alápẹ́rẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Àwọn ló kọ́ mi níṣẹ́ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí ọ̀gá bá ń bínú sí mi àwọn ló máa ń bá mi bẹ̀bẹ̀. Torí ẹ̀, lọ́jọ́ tí wọ́n ní "àbúrò mi, ṣebí Alápẹ́rẹ̀ lò ń gbà kọjá", inú mi dùn ni. Mo ní kí wọ́n máa dúró dè mí ní bọ́ọ̀sì sítọ́ọ̀pù. Ọdún 2022 nìyẹn, nílé epo lítà kan ò tíì tó ₦200.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn ẹ̀, bọ́ọ̀sì sítọ́ọ̀pù di ẹnu ọ̀nà ilé, wọ́n ní orúnkún ń dùn wọ́n. Ẹnu ọ̀nà ilé tún di kí n dúró díẹ̀, wọ́n ṣì ń wẹ ọmọ. Màá jókòó sínú mọ́tò, màá pa á, màá tún tán an, géètì á ṣí, ọmọ wọn kékeré á yọrí, á ní "Mọ́mì ní àwọn ń bọ̀", á tún ti géètì. Bẹ́ẹ̀ aago ń sáré.

Ọ̀rọ̀ Fúráìdè ló wá le jù. Àńtí yìí ń ta prófísọ̀n níwájú ilé wọn, Òkè Àrín ni wọ́n ti ń rajà, ẹ sì mọ̀ pé Òkè Àrín ò jìnnà sí Marina. Bá a bá ti ṣíwọ́ lọ́jọ́ Fúráìdè, a ò ní kọrí sílé, ọjà ni. Páálí Indomie, páálí mílíìkì, ṣúgà, aláàárù á kó gbogbo ẹ̀ wá sídìí búùtù, ìjókòó ẹ̀yìn á kún débi pé mi ò ní rí ẹ̀yìn nínú dígí mọ́. Lọ́jọ́ kan kẹ́ẹ̀gì òróró kan jò sí búùtù. Mo fọ̀ ọ́, mo yọ kápẹ́ẹ̀tì ẹ̀ sá sóòrùn fọ́jọ́ mẹ́ta, títí dòní tí oòrùn bá mú dáadáa òórùn òróró yẹn ṣì ń jáde. Mẹkáníìkì ní ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn méjèèjì ti kú, ó bi mí pé ṣé mò ń fi mọ́tò yìí kẹ́rù ni. N ò mọ ohun tí mo lè sọ fún un.

Epo ńkọ́? May 29, 2023 ni Ààrẹ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, kò pé ọjọ́ mẹ́ta tó fi di ₦488 nílé epo ìjọba l'Ékòó níbí. September 2024 ó di ₦855, October ó di ₦998. Mọ́tò mi máa ń jẹ tó lítà 8 lójúmọ́, àlọ àtàbọ̀ pẹ̀lú gosiló, ohun tí n kì í ná tó ₦1,600 lé lórí tẹ́lẹ̀ wá di bíi ₦8,000 lójúmọ́, ẹ bá mi fi ọjọ́ 22 ṣírò ẹ̀. Nínú gbogbo ẹ̀, Àńtí ò bi mí lẹ́ẹ̀kan rí pé báwo lo ṣe ń ṣe epo sí. Wọ́n á bá mi dárò ọ̀wọ́n epo láti Alápẹ́rẹ̀ títí dé Adéníjì, wọ́n á sì bọ́ sílẹ̀.

Èmi náà jẹ̀bi o, torí n ò sọ̀rọ̀. Ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo tiẹ̀ parọ́, mo ní mọ́tò wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, mo pa mọ́tò mi tì sílé, mo wọ bọ́ọ̀sì fọ́jọ́ mẹ́rin gbáko torí kí n má bàa là á mọ́lẹ̀ fún wọn. Ó dùn mí gan-an lọ́jọ́ kẹrin tí mo dúró ní Berger tójò ń pa mí.

Ohun tó wá là mí lójú ni ọjọ́ tí ibà dá mi dùbúlẹ̀. N ò lè dìde. Fóònù dún ní aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú márùndínlógójì, mo gbé e, mo ní "Àńtí, ara mi ò yá, mi ò ní lè wá lónìí." Wọ́n ní "háà, o ò ṣe tètè sọ, o ti jẹ́ kí n pẹ́." Wọ́n bá gé e. Pẹ̀lẹ́ kan ṣoṣo, n ò gbọ́ ọ.

Ọkọ mi ní kí n máa tètè kúrò nílé, kí n máa kọjá kí wọ́n tó jí. Mo ní rárá, mi ò ní sá mọ́. Mi ò sọ ọ́ nínú mọ́tò, mi ò sọ ọ́ ní ọ́fíìsì, Sátidé ni mo lọ bá wọn nílé, mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo kọ́kọ́ dúpẹ́ oore àtẹ̀yìnwá, torí òótọ́ ni wọ́n ṣe mí lóore. Mo wá ní "Àńtí mi, ẹ má bínú sí mi o. Láti Mọ́ńdè, bọ́ọ̀sì sítọ́ọ̀pù ni màá ti máa gbé yín, 5:40, mi ò ní lè wọ àdúgbò mọ́. Ẹ bá mi dá ₦10,000 sí epo lọ́sẹ̀. Ẹrù Òkè Àrín, mọ́tò mi ò lè gbé e mọ́." Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní "o ti wá di onídánfó nìyẹn." Ó gún mi lọ́kàn o, àmọ́ mi ò yí i padà, mo ní ẹ ṣeun mà, mo jáde.

Wọn ò wọ mọ́tò mi mọ́. BRT ni wọ́n ń wọ̀ ní Ketu báyìí. Fún bí oṣù kan, ìkíni wa ò ju ẹ káàárọ̀ lọ, àwọn kan ní ọ́fíìsì tiẹ̀ ń pè mí ní ahun. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá òjò ńlá rọ̀ nígbà tá a ṣíwọ́, mo ní Àńtí ẹ wọlé, ẹ jẹ́ ká lọ. Wọ́n wọlé. Nígbà tá a dé bọ́ọ̀sì sítọ́ọ̀pù, wọ́n fi ₦2,000 sẹ́gbẹ̀ẹ́ gíà, wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n ṣí agboòrùn. Mi ò mọ̀ bóyá inú ń bí wọn sí mi síbẹ̀.

*

Ẹ kú ìfaradà mà. Ọ̀kadà lèmi ní ní tèmi, tíṣà ni mí n'Íbàdàn, láti Apata lọ sọ́nà Ìdó. Tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi kan ń bá mi gun ọ̀kadà lọ lójoojúmọ́, kò burú, àmọ́ kò ní tètè jáde, èmi ni orúkọ mi ń wọ inú ìwé apẹ́lẹ́yìn. Mo sọ fún un lọ́jọ́ kan ṣoṣo pé 6:45, tí n kò bá rí ẹ mo lọ. Ó rò pé ẹnu lásán ni. Mo lọ lóòótọ́. Látọjọ́ náà, òun ló máa ń dúró dè mí.

*

Ẹ kú ilé o, ọ̀dọ̀ wa ní ìlú ọba yìí náà ò yàtọ̀. Iṣẹ́ kíà là ń ṣe, a máa ń lọ láti ilé dé ilé, àwọn ilé kan wà tó jẹ́ pé èèyàn méjì ló gbọ́dọ̀ jọ gbé aláìsàn dìde. Ọmọ Yorùbá bíi tèmi ni ẹnìkejì mi, kò tíì ní láísẹ́ńsì mọ́tò, èmi ló ń gbé e. Tí mo bá dúró dè é fún ogún ìṣẹ́jú, bàbá arúgbó kan wà níbì kan tó wà lórí ibùsùn tútù, kò lè yíra padà fúnra ẹ̀, àwa ló ń wò lọ́nà. Ohun tó mú mi sọ̀rọ̀ nìyẹn, kì í ṣe owó. Ọ̀rọ̀ owó náà wà ńbẹ̀ ṣá o. Níbí, ẹni tó o gbé lè dá sí owó epo, àmọ́ o ò gbọ́dọ̀ jèrè lórí ẹ̀, torí tó bá ti di èrè, ìnṣọ́ránsì tó o san lè má gbà ẹ́ mọ́. Mo jókòó tì í, mo ṣírò epo ọ̀sẹ̀ kan, mo pín in sí méjì, ó rí i lójú ara ẹ̀. Ó sọkún. Ó ní òun rò pé ilé iṣẹ́ ló ń san gbogbo ẹ̀ fún mi.

*

Èmi ni ẹni tí wọ́n ń gbé, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Sango lọ sí Ìkẹjà. Ẹ̀gbọ́n kan níbi iṣẹ́ gbé mi fún ọdún kan ààbọ̀, mo ń dá owó epo, mi ò pẹ́ rí, mo rò pé kò sí wàhálà. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní "àbúrò, mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ nǹkan kan. Túsìdè àti Tọ́sìdè, jẹ́ kí n máa dá lọ." Mo bi wọ́n pé kí ni mo ṣe. Wọ́n ní mi ò ṣe nǹkan kan, wọ́n ní àwọn ọmọ wà nílé, ọ̀gá wà ní ọ́fíìsì, inú mọ́tò láàárọ̀ nìkan ni àwọn ti ń dá wà, tí àwọn fi ń gbàdúrà, tí àwọn sì ń ronú. Ó dùn mí lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní parọ́. Mo ń ronú gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti ń rò fún wọn láti Sango, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, ọ̀rọ̀ onílé mi.

A ṣì wà pa pọ̀. Mọ́ńdè, Wẹ́sìdè, Fúráìdè, mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn níwájú. Túsìdè àti Tọ́sìdè mo máa ń wọ dánfó, nígbà míì mọ́tò wọn á kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní ọ̀nà Abẹ́òkúta, wọ́n á fi iná mọ́tò kí mi, èmi náà á juwọ́ láti ojú fèrèsé.