Oníbàárà ń ka àtẹ̀jíṣẹ́ mi, wọn ò fèsì

Àǹtí Ẹlẹ́ja, Ẹ̀pẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àrọ̀ yíyan ni mò ń tà, ọjà Olúwo níbí ni mo ti ń ra tútù. Àwọn ará Ajah àti Lẹ́kí ló pọ̀ jù nínú oníbàárà mi. Ohun tí mo fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp láàárọ̀ Ìṣẹ́gun nìyí:

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin oníbàárà wa àtàtà. A kí yín kú ọ̀sẹ̀ tuntun, a sì gbà á ládùúrà pé Olúwa á bùkún iṣẹ́ ọwọ́ wa. Ẹja wa tó dára, tó mọ́, tó sì dùn ti dé. Ẹ pè wá fún iye owó."

Nínú èèyàn 140, mẹ́ta péré ló fèsì, "èló ni?" ni gbogbo wọn sì ń béèrè. Níbo ni mo ti ṣì í?

Ìyá Elépo Àgbọn, Àgbádárìgì: "Ẹ pè wá fún iye owó" ló bà á jẹ́. Ẹni tó wà nínú gosílóò ò ráyè béèrè. Á ní tó bá dilé, ó sì ti gbàgbé nìyẹn. Irú ẹja, iye owó, ọjọ́ tí á dé ọwọ́ wọn, ìgbà tí ẹ ó ṣíwọ́ gbígba orúkọ: kí gbogbo ẹ̀ ti wà níbẹ̀. "Tó dára, tó mọ́" kò sọ nǹkan kan, ẹlẹ́ja wo ni kì í sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ sọ pé ẹ ti yọ ìfun ẹ̀, pé ó gbẹ dénú, pé mẹ́fà ló wọ kílò kan.

Aláṣọ Sábó, Ìkòròdú: Ẹ gé ìkíni yẹn dànù. Kí wọ́n tó ṣí i, ìlà kan tàbí méjì ló ń hàn lójú fóònù. Àdúrà nìkan ni wọ́n rí.

Ìyá Elépo Àgbọn, Àgbádárìgì: Dànù kọ́ o, ẹ jẹ́ ká má di aláìlẹ́kọ̀ọ́ nítorí ọjà. "Ẹ káàárọ̀ mà" ti tó. Ẹ wò ó báyìí (iye tiyín ni kí ẹ fi síbẹ̀):

"Ẹ káàárọ̀ mà. Àrọ̀ yíyan ti wà nílẹ̀, N12,000 ni kílò kan, mẹ́fà ló wọ̀ ọ́. Ọkọ̀ Ajah á gbé e ní Jímọ̀. Aago 4 ọ̀la ni mo máa ṣíwọ́ gbígba orúkọ. Kílò mélòó ni kí n dì fún yín?"

Ìbéèrè ni kó kẹ́yìn, kó sì jẹ́ èyí tí èèyàn lè fi "2" lásán dáhùn.

Atúnfóònù, Ìkòròdú: Ṣé broadcast, ìyẹn àtẹ̀jíṣẹ́ kan sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ fi ránṣẹ́? Ẹni tí kò bá fi nọ́ńbà yín pamọ́ sórí fóònù ẹ̀ ò ní rí i rárá. Bí wọ́n bá ti sanwó, ẹ ní kí wọ́n fi í pamọ́ lójú ẹsẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ lo SMS, lẹ́tà 160 ni ojú ewé kan, àlàfo wà nínú ẹ̀. Bí ẹ bá fi ẹyọ ₦ kan péré sí i, tàbí ọ tó ní àmì nísàlẹ̀, ó já sí 70, owó ẹ̀ sì lè di ìlọ́po méjì. Ó dùn mí fún Yorùbá wa, àmọ́ bí ẹ̀rọ ṣe ń kà á nìyẹn. Ẹ kọ N dípò ₦.

Àǹtí Ẹlẹ́ja, Ẹ̀pẹ́: Ẹ ṣé gan-an. Àwọn tó jẹ mí lówó ńkọ́? Ṣé kí n fi kún un nísàlẹ̀?

Aláṣọ Sábó, Ìkòròdú: Rárá o! Ẹ kọ ọ́ sí ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ẹ má sì gbé e sí status:

"Ẹ káàsán mà. Kílò méjì àrọ̀ tí ẹ gbà lọ́jọ́ 4 oṣù yìí jẹ́ N24,000. N10,000 ti wọlé, ó ku N14,000. Ṣé Jímọ̀ ni kí n máa retí ẹ̀ àbí Mọ́ńdè?"

Kí nọ́ńbà àkáǹtì dá wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ tirẹ̀, nọ́ńbà nìkan, láìsí ọ̀rọ̀ kankan lára ẹ̀. Tí èèyàn bá fẹ́ dà á kọ lórí WhatsApp, odindi àtẹ̀jíṣẹ́ ló sábà máa ń bá a lọ, ó sì wá ku kó máa pa ọ̀rọ̀ rẹ́ lójú áàpù báǹkì. Ibẹ̀ ni ẹlòmíì ti ń sọ pé "ó dọ̀la".