Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé sólà sórí òrùlé, kí lojú yín rí?

Àdùkẹ́ Bódìjà: Ẹ káalẹ́ o. Mo fẹ́ gbé sólà sílé. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún 2023, jẹnẹrétọ̀ ti fẹ́ jẹ mí tán. Ẹni tó bá ti ṣe é, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ọ́.

Ìyá Ìbejì: Ojú mi rí tó. Pánẹ́ẹ̀lì mẹ́fà ni wọ́n gbé sórí òrùlé mi. Láàárọ̀, kò síṣòro. Tó bá ti di aago méjì ọ̀sán, inverter, ẹ̀rọ tó ń sọ iná pánẹ́ẹ̀lì àti bátìrì di iná tí ilé ń lò, á bẹ̀rẹ̀ sí í ké, fírísà á kú. Páálí ẹja ṣawa méjì ló bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Èmi ń bú bátìrì. Ìgbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gun àkàbà lọ wò ó ló rí i pé ẹ̀ka máńgòrò aládùúgbò mi ló ń ṣíji bo pánẹ́ẹ̀lì kan.

Bàbá Rúkà: Ọ̀kan ṣoṣo? Kó wá pa márùn-ún lára? Mi ò gbà.

Ríwáyà Òṣogbo: Ó ń ṣẹlẹ̀, bàbá. Tí wọ́n bá so wọ́n tẹ̀léra bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín sókùn kan, èyí tí òjìji bò lè fa ìyókù sẹ́yìn. Ẹni tó ṣe é ló yẹ kó wo ojú oòrùn láti àárọ̀ dalẹ́.

Ìyá Ìbejì: Mo bẹ onímáńgòrò. Ó ní bàbá òun ló gbìn ín.

Tọ́pẹ́: Àdúgbò wa ti wọ Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n máa fún ní iná NEPA fún ogún wákàtí lójúmọ́, ó kéré tán. Èmi ò nílò sólà.

Àdùkẹ́ Bódìjà: Owó iná yẹn ńkọ́?

Tọ́pẹ́: Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Ayálégbé: Èmi ni kí ẹ bi. Ìgbà tí mo fẹ́ kó kúrò, lánlọ́ọ̀dù ní mi ò ní tú pánẹ́ẹ̀lì mi, pé ó ti di ara ilé òun!

Lánlọ́ọ̀dù Ayédé: Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n fi òrùlé wa ṣe? Ìṣó lásán ni wọ́n gbá mọ́ páànù tèmi, kò sí rọ́bà nídìí ẹ̀. Òjò àkọ́kọ́, ọpọ́n mẹ́ta la gbé sí pálọ̀.

Ayálégbé: Kí ẹ ní kí ẹni tó gbé e síbẹ̀ tún òrùlé ṣe. Ìyẹn ò sọ pánẹ́ẹ̀lì di tiyín.

Ìyá Ìbejì: Ọ̀rọ̀ ayálégbé yìí dùn mí.

Ṣeun: Ẹ má gbà kí wọ́n fi bátìrì mọ́tò sí i fún yín. Tèmi ò pé oṣù mẹ́jọ. Bátìrì lithium ni mò ń lò báyìí.

Màmá Kékeré: Ẹ máa nu eruku ọyẹ́ kúrò lójú pánẹ́ẹ̀lì, láàárọ̀ kùtù, kó tó gbóná.

Bàbá Rúkà: Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gorí òrùlé tèmi ni. Láti aago mẹ́ta, tánkì omi mi ń ṣíji bo ọ̀kan.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣáà dúpẹ́ pé tánkì tiyín ni.