Ọmọ tí wọ́n fún wa tọ́ ní London, a fẹ́ gbà á ṣọmọ
Ẹ̀yin ará wa ní Ìlú Ọba, ẹ dákun, gbogbo ọgbọ́n mi ti pin.

Oṣù 16 rèé tí káńsù ti gbé ọmọbìnrin kan fún èmi àti ọkọ mi tọ́. Nígbà tó dé, abẹ́ tábìlì ló ti ń jẹun. Ní báyìí, tí mo bá ń ro àmàlà, á di aṣọ mi mú, á ní, "Mọ́mì, tèmi kékeré."

Òfin ìgbàṣọmọ ọdún 2002 (Adoption and Children Act) ní alágbàtọ́ tí ọmọ ti gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ fún ọdún kan lè lọ sí kọ́ọ̀tù fúnra rẹ̀ láti gba ọmọ náà ṣọmọ, tó bá ti kọ̀wé sí káńsù pé òun fẹ́ bẹ́ẹ̀, ó kéré tán ní oṣù 3 ṣáájú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti bá òṣìṣẹ́ tó ń mójú tó ọmọ náà sọ ọ́. "Ẹ ní sùúrù" ni ṣáá. Mo kọ lẹ́tà sí ọ̀gá rẹ̀, kò fèsì. Ẹ̀rù ń ba ọkọ mi pé tá a bá fa wàhálà, wọ́n á gbọ́mọ lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti rin ọ̀nà yìí, ṣé kí n kọ̀wé yẹn báyìí láìdúró de ìfọwọ́sí káńsù? Tí mo bá kọ ọ́, ṣé wọ́n ṣì lè mú un kúrò lọ́dọ̀ wa kí kọ́ọ̀tù tó dá ẹjọ́?