Oògùn gbòdì lára àbúrò mi

Ọdún mẹ́fà rèé tí àbúrò mi obìnrin ti lọ, n kò tíì lè kọ ọ́ sílẹ̀ rí. Ìgbẹ́ gbuuru ló gbé wa dé ọsibítù. Wọ́n fún un ní co-trimoxazole, oògùn tó ní sulfa nínú, ìyẹn èròjà kan tó ń gbógun ti kòkòrò àìsàn. Bẹ́ẹ̀, nígbà tó wà nílé ìwé girama, ó ti lo oògùn ibà kan tó ní sulfa rí: ètè rẹ̀ wú, àmì dúdú roboto kan sì kù sí i lápá. Gbogbo wa nílé la mọ àmì yẹn. Dókítà ò béèrè, àwa náà ò rántí sọ.

Lọ́jọ́ kẹta, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, kò lè gbé itọ́ mì. Wọ́n ní ibà ni, oògùn ń bá a lọ. Lọ́jọ́ karùn-ún, mo fẹ́ gbé e dìde kó lè mu omi. Mo fọwọ́ ti ẹ̀yìn rẹ̀, awọ ara rẹ̀ bá ọwọ́ mi wá bí èèpo tòmátò tí wọ́n bọ̀. Kò pariwo. Ó kàn ń wò mí ni. Dókítà àgbà kan ló wá dárúkọ ohun tó ń ṣe é, Stevens-Johnson, ìyẹn kí oògùn bá ara jà débi tí awọ fi ń bó, tó ní kí wọ́n dá oògùn náà dúró. Lọ́jọ́ kọkànlá, ó dákẹ́. Àwọn kan lágbo ilé wa ṣì ń sọ pé ayé ló ṣe é. Ó ń dùn mí wọra.

—

Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Nọ́ọ̀sì ni mí. Ní ti ìtàn tèmi, pẹnisílíìnì ni. Bàbá kan gba abẹ́rẹ́ náà. Kí n tó palẹ̀ òwú mọ́, ara wọn ti ń yún wọn, ohùn wọn há, wọ́n ṣubú. Adrenaline tó yẹ ká fún wọn lójú ẹsẹ̀ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹni tó ti lọ sílé. Ká tó já ilẹ̀kùn, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Láti ọjọ́ náà, bí aláìsàn bá ní oògùn kankan ò bá òun jà rí, màá tún bi ẹni tó mú un wá.

Èyí yàtọ̀ sí ti My Pikin, oògùn eyín ọmọdé ọdún 2008 o. Májèlé diethylene glycol ló wà nínú ìyẹn. Oògùn tiwa yìí, ojúlówó ni, ara ẹni ló kọ̀ ọ́. NAFDAC ní fọ́ọ̀mù yẹ́lò tí a fi ń kọ irú rẹ̀ ránṣẹ́. Ní wọ́ọ̀dù wa nígbà náà, kò sẹ́ni tó kọ ọ́.

—

Ẹ ṣé gan-an, nọ́ọ̀sì. Mo ti fi bírò pupa kọ ọ́ sí káàdì ọmọ rẹ̀ pé ara ìyá rẹ̀ kọ sulfa. Ṣé wọ́n ṣì lè gba fọ́ọ̀mù yẹn fún ẹni tó ti lọ láti ọdún mẹ́fà?