Kílọ́ọ̀ṣì máṣíìnì mi ń yọ̀ látìgbà tí wọ́n ti pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará wa. CG 125 ni mo ń gùn, òun ni mo fi ń kó kòkó láti Ìdànrè wá sí Àkúrẹ́. Bọ̀dá mi ló bá mi ra ọ́ìlì ní Sátidé, 5W-30 (nọ́ńbà yẹn ló ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki sí), ti mọ́tò ni o, ṣùgbọ́n torí pé òun ló wọ́n jù ní ṣọ́ọ̀bù yẹn wọ́n ní òun ló máa dáa jù. Látìgbà yẹn tí mo bá ti ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù, ẹ́ńjìn á máa ké ṣùgbọ́n máṣíìnì ò ní sáré, àfi bíi pé mo fún kílọ́ọ̀ṣì mọ́wọ́. Ẹni tó pààrọ̀ ọ́ìlì náà ní pléètì kílọ́ọ̀ṣì, àwọn pẹlẹbẹ inú ẹ̀ tó ń gbé agbára ẹ́ńjìn lọ sí gíà, ti jẹ tán, kí n mówó wá. Mo tún bi í nípa fílítà, ó ní CG ò ní fílítà. Ṣé òótọ́ ni?

Mẹkáníìkì Òkè Àró: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì náwó kankan. Ọ́ìlì yẹn ni. Kílọ́ọ̀ṣì mọ́tò ò sí nínú ọ́ìlì ẹ́ńjìn, ṣùgbọ́n ti máṣíìnì yín, inú ọ́ìlì kan náà tí písítìn àti gíà ń mu ló wà. Irú ọ́ìlì mọ́tò tó fúyẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n sábà máa ń po nǹkan tó ń yọ̀ mọ́ ọn kí mọ́tò má bàa mu epo púpọ̀, òun ló ń jẹ́ kí pléètì yín máa yọ̀. Ẹ wo ara ike, JASO MA tàbí MA2 lẹ ń wá, àmì ọ́ìlì máṣíìnì tí kílọ́ọ̀ṣì ẹ̀ wà nínú ọ́ìlì nìyẹn, tẹ́ ẹ bá rí MB, èyí tó ń yọ̀ jù, ẹ dá a padà. 20W-50 tó ní MA dáa fún oòrùn wa yìí. Ní ti fílítà, òtítọ́ àbọ̀ ló sọ. Kò sí oníbébà lóòótọ́, ṣùgbọ́n asẹ́ onírin wà níbẹ̀, nǹkan kan sì tún wà tó ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kílọ́ọ̀ṣì tí ìdọ̀tí máa ń lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí ọwọ́ ọ̀tún ẹ́ńjìn ni kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n sì fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun dé e.

Ìyá Bọ̀sẹ̀: Ẹni tó ń ṣe tèmi máa ń da dísù díẹ̀ sínú ẹ̀ fi fọ ẹ́ńjìn kó tó da ọ́ìlì tuntun, kò ì tíì ṣe é ní nǹkan kan o

Mẹkáníìkì Òkè Àró: Mọ́mì, ẹ dákun ẹ ní kó dáwọ́ ẹ̀ dúró. Dísù yẹn kì í jáde tán, ọ́ìlì tuntun ló máa bùlà. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìn gbóná díẹ̀, ẹ pa á, ẹ yọ nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, ẹ gbé máṣíìnì dúró gbọọrọ kó máa kán títí á fi dá, gbígbóná yẹn ló ń gbé ìdọ̀tí jáde. Ẹ fi wáṣà tuntun sí nọ́ọ̀tì náà, kò wọ́n. Ọwọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi yí nọ́ọ̀tì wọlé kẹ́ ẹ tó mú sípánà, kẹ́ ẹ má sì fi gbogbo agbára fún un, alumíníọ̀mù ni ilé ẹ́ńjìn, tí ìlà ẹ̀ bá fi lè jẹ báyìí ẹ ti bọ́ sọ́wọ́ wẹ́dà nìyẹn.

Ọmọ Ìjọ̀ka: Ẹ tún ṣọ́ gééjì ọ́ìlì o. Sítáǹdì àárín ni kẹ́ ẹ fi í sí, ẹ nu ọ̀pá gééjì, ẹ tì í bọ ihò láìyí i, kẹ́ ẹ wá wò ó. Àwọn tó ń yí i wọlé, ọ̀pá yẹn ń wọ jinlẹ̀ jù ni, wọ́n á rò pé ọ́ìlì ti kún, kò sì tíì tó. Ẹ gún ike náà tẹ́ ẹ bá lò ó tán, àwọn kan ń ṣà á lọ rọ ayédèrú sí.

Oníbéèrè: Ẹ ṣé gan-an. Tí mo bá ti pààrọ̀ ẹ̀, ṣé mo ṣì máa ra pléètì?

Mẹkáníìkì Òkè Àró: Ẹ fi MA gùn ún lọ sí Ìdànrè bíi ẹ̀ẹ̀mélòó kan ná. Ẹ wo wáyà kílọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú, kí ọwọ́ ẹ̀ ní àyè bíi sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà, tó bá le gbọnrangandan, òun náà lè mú un yọ̀. Tó bá ṣì ń yọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, a jẹ́ pé pléètì ti jẹ lóòótọ́, ẹ gbé e wá.