Ẹ̀dà wo ni kí n fi ṣe àgbéyẹ̀wò òṣèlú inú Warrior?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ ìwé ìtàn alàwòrán dunjú, ẹ bá mi dá sí i. Ẹ̀dà 26 ni Warrior, ìwé ìròyìn ìtàn alàwòrán, jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1982 sí 1985. Dúdú àti funfun ni V for Vendetta, ìtàn ẹni tó ń bá ìjọba afipámúni jà, wà nínú rẹ̀. DC, ilé ìtẹ̀wé ìtàn alàwòrán ti Amẹ́ríkà, ló kùn ún láwọ̀ lẹ́yìn náà, ní 1988. Nínú ti àkọ́kọ́, òjìji tó dú bíi kóró iṣin máa ń gbé ìlàjì ojú èèyàn mì. Ìbẹ̀rù ìjọba afipámúni hàn níbẹ̀ kedere. Àwọ̀ dín in kù, lójú tèmi. Ṣé méjèèjì ni kí n fi wéra?

Ìtàn náà gbà pé ẹgbẹ́ òṣèlú Thatcher, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, yóò fìdí rẹmi nínú ìdìbò, àmọ́ wọ́n wọlé ní 1983. Ṣé àléébù nìyẹn? Marvelman, ìtàn mìíràn inú Warrior, ńkọ́, ṣé kí n kà á mọ́ ọn?