Ọmọ Ìjẹ̀bú, ọmọ Rẹ́mọ tí ọ̀rọ̀ ECOWAS àti Ṣáínà ti kàn rí, ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Ìyá Gàrí Òkè-Ajé:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Oṣù Kejìlá 2022 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ olú iléeṣẹ́ tuntun ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, lélẹ̀ ní Àbújá. Owó ẹ̀bùn Ṣáínà ni, mílíọ̀nù 31.6 dọ́là, wọ́n ti tọwọ́ bọ̀wé rẹ̀ láti 2018. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àwa tí à ń gbé gàrí láti Ìjẹ̀bú lọ sí Kútọnu àti Lomé ńkọ́? Àwọn tó ń ra ẹrù bọ̀ láti Guangzhou ńkọ́? Kí ni ìrẹ́pọ̀ àwọn àgbà wọ̀nyí ti ṣe fún yín, ìbáà ṣe rere, ìbáà ṣe ibi? Ti ara yín ni kẹ́ ẹ sọ o, ẹ má sọ ti rédíò.

Ọmọ Alárè:
Ilé ni wọ́n kọ́ fún wọn. Èmi ò tíì rí tèmi.

Gbànja Ṣàgámù:
Ìyá Gàrí, ẹ ṣeun. Inú obì ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ní oníbàárà kan ní Nìjẹ̀ẹ, Alájì kan tó ti ń wá sí Sábó ní Ṣàgámù kí wọ́n tó bí mi. Nígbà tí bàbá mi kú, láti Kónnì ló ti wọ mọ́tò wá bá wa sin ín. Èmi náà wá jogún rẹ̀.

Oṣù Keje 2023, mo di àádọ́ta àpò gbànja. Ọjọ́ 26 oṣù náà ni àwọn ológun gbàjọba ní Niamey, olú-ìlú Nìjẹ̀ẹ. Mo ní ọ̀rọ̀ àwọn olóṣèlú nìyẹn. Mọ́tò gbéra lọ́jọ́ Ẹtì, ó bàjẹ́ ní Kòǹtàgórà, ó lo ọjọ́ mẹ́rin níbẹ̀. Kó tó dé Íllẹ́là lẹ́nu bodè, àwọn olórí ECOWAS ti ṣèpàdé ní Àbújá lọ́jọ́ 30, wọ́n ní kí gbogbo bodè Nìjẹ̀ẹ tì.

Obì kì í ṣe sìmẹ́ǹtì. Omi bá pọ̀ jù fún un, á jẹrà. Ewé rẹ̀ bá gbẹ, á súnkì. Kòkòrò sì wà nínú ẹ̀ tó ń dúró de ẹni tó bá gbàgbé. Àràárọ̀ ni mò ń pe dẹ́rẹ́bà. Á ní òun ń tú u, òun ń ṣà á, òun ń pààrọ̀ ewé. Lọ́jọ́ kẹsàn-án ó pè mí, kò sọ̀rọ̀, mo kàn ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Mo ti mọ̀. Ìyókù tá a tà ní Sókótó, owó rẹ̀ ò tó ti ewé àti okùn.

Alájì náà ń pè mí láti òdìkejì, ibi tó wà kò jìnnà sí mọ́tò wa rárá. Ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ méjì, gọ́rọ̀ Ṣàgámù ló fẹ́ pín fún àwọn àna rẹ̀. Ọjọ́ 24 Oṣù Kejì 2024 ni ECOWAS tó mú òfin náà kúrò. Ọmọ náà ti wà nílé ọkọ tipẹ́.

Ọmọ Alárè:
Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ọlọ́run á dá a padà.

Bàbá Ìkẹ́nnẹ́:
Gbànja, má bínú sí mi. Wọ́n ní ọ̀nà ẹ̀bùrú pọ̀ lápá ibẹ̀. Ṣé obì ò kọjá rárá lóòótọ́?

Gbànja Ṣàgámù:
Bàbá, ó ń kọjá. Ọ̀kadà ń gbé e, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń gbé e. Àmọ́ gbogbo ẹni tó bá dúró lọ́nà lẹ máa sanwó fún, àwọn mìíràn sì ní ìbọn. Ọmọ ọlọ́mọ ló wà nínú mọ́tò yẹn. Mi ò lè ní kó kú nítorí obì.

Bàbá Ìkẹ́nnẹ́:
O ṣe é re.

Tíṣà Ìlíṣàn:
Ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan kún un. Iléeṣẹ́ epo Ṣáínà ló ri páìpù láti Agadem ní Nìjẹ̀ẹ dé etíkun Sèmè ní orílẹ̀-èdè Benin, ó tó nǹkan bí 2,000 kìlómítà. Nígbà tí ECOWAS ti ṣíwọ́, Nìjẹ̀ẹ ò ṣí bodè tirẹ̀ fún Benin. Ní Oṣù Karùn-ún 2024, Talon tó jẹ́ ààrẹ Benin nígbà náà ní epo Nìjẹ̀ẹ ò ní wọ ọkọ̀ létíkun òun. Ṣé ẹ mọ̀ pé Ṣáínà dá sí i, tí wọ́n sì gba epo láàyè láàárín oṣù yẹn kan náà? Epo rí alágbàwí. Oṣù méje ni obì fi wà níta.

Ìyá Gàrí Òkè-Ajé:
Tíṣà, ọ̀rọ̀ yín dùn mí dé egungun.

Aláṣọ Ìta-Àlẹ̀:
Ẹ má dá Ṣáínà lẹ́bi o. Ẹni tó ni ẹrù ló ń tẹ̀lé ẹrù. Owó wọn ló wà nínú páìpù, wọ́n sì wá a lọ. Ta ló ń tẹ̀lé ẹrù tiwa?

Ẹ gbọ́ tèmi. Ní 2018, báńkì àpapọ̀ wa àti ti Ṣáínà ṣe àdéhùn pàṣípààrọ̀ owó, bílíọ̀nù 15 yuan, bílíọ̀nù 720 náírà. Wọ́n ní ẹni tó bá ń ra ọjà ní Ṣáínà ò ní máa wá dọ́là kiri mọ́. Mo yọ̀ gan-an. Mo kó ìwé mi lọ sí báńkì tí mò ń lò nígbà náà. Wọ́n ní kí n padà wá. Ìgbà mẹ́rin ni mo lọ. Nígbẹ̀yìn, dọ́là tí mo rà lọ́wọ́ àbókí ni mo fi ra àǹkárá ọdún Ojúde Ọba, èrè orí rẹ̀ sì bọ́ sọ́wọ́ àbókí.

Ọmọ Ìpẹru:
Rélùwéè ńkọ́? Ṣáínà kọ́ ti Èkó sí Ìbàdàn, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021. Ó gba Kájọlà, Papalanto, Abẹ́òkúta. Èyí tí òyìnbó kọ́ dé Ìbàdàn ní 1901, Abẹ́òkúta náà ló gbà. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, kò yà sí Rẹ́mọ, kò yà sí Ìjẹ̀bú. Kí la ṣe?

Tíṣà Ìlíṣàn:
Àbúrò, ìyẹn ti Nàìjíríà àti Ṣáínà ni, owó tá a yá sì wà níbẹ̀. Kò kan ECOWAS.

Ọmọ Ìpẹru:
Mo mọ̀, sà. Ó ṣì ń dùn mí. Ó kéré tán a ní pápákọ̀ òfurufú tí wọ́n kọ́ fún ẹrù oko ní Ìpẹru.

Tíṣà Ìlíṣàn:
Ìlíṣàn ni.

Ọmọ Ìpẹru:
Sà, Ìpẹru ni.

Bàbá Ìkẹ́nnẹ́:
Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jẹ́ ká gbé obì dé ibi tó ń lọ ná.

Àgbẹ̀ Ìjẹ̀bú-Igbó:
Kòkó ni mò ń gbìn. Ibi tí mo rò pé ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé ECOWAS kì í ní ohùn kan bí àlejò bá dé. Ẹ wo àdéhùn okòwò wọn pẹ̀lú Yúróòpù. Àwọn olórí fara mọ́ ọn ní 2014, Nàìjíríà kọ̀, kò fọwọ́ sí i. Gánà àti Ivory Coast ní kòkó tó pọ̀ tí wọ́n ń tà fún Yúróòpù, wọn ò dúró. Láti 2016 ni oníkálukú wọn ti ń lo àdéhùn tirẹ̀. Kòkó wọn ń wọlé láìsan owó bodè. Bí Ṣáínà bá jókòó sí iwájú wa lọ́la, ta ni yóò bá sọ̀rọ̀ nínú wa?

Aláṣọ Ìta-Àlẹ̀:
Bàbá àgbẹ̀, Nàìjíríà ò ṣàṣìṣe níbẹ̀. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí i, ẹrù Yúróòpù ì bá bo àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké wa mọ́lẹ̀.

Àgbẹ̀ Ìjẹ̀bú-Igbó:
Mi ò jiyàn ìyẹn. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí wọ́n jọ kọ̀ ọ́, tàbí kí wọ́n jọ gbà á. Èyí tí ẹnìkan kọ̀ tí ẹlòmíì gbà yẹn, àlejò ló jèrè.

Ọmọ Alárè:
Òótọ́ pọ́ńbélé.

Dẹ́rẹ́bà Ọ̀nà-Jíjìn:
Èmi ni mò ń wakọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ojú títì. Láti 1979 ni ìwé ECOWAS ti sọ pé ọmọ ìlú kan lè wọ ìlú kejì, kó lo 90 ọjọ́ láìgba físà. Ní ẹnu bodè kan, ọ̀gá kan sọ fún mi pé ìwé yẹn ò tíì dé ọ̀dọ̀ òun. Irun rẹ̀ ti funfun! Kò pẹ́ kọjá ogójì ọdún tí ìwé náà ti ń bọ̀ lọ́nà. Mo dúró láti òwúrọ̀ títí dé ọ̀sán, mi ò sanwó, ó sì fi mí sílẹ̀.

Ìyá Gàrí Òkè-Ajé:
O kú ìfaradà, ọmọ mi. Èmi máa ń san án, nítorí gàrí mi ò gbọdọ̀ rí òjò. Wọ́n á ní kí n mú ìwé ibi tí wọ́n ti ṣe gàrí wá.

Tíṣà Ìlíṣàn:
Ohun oko tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ di nǹkan mìíràn kò nílò irú ìwé yẹn lábẹ́ ètò ECOWAS. Obì Gbànja wà lára ìyẹn. Ẹrù iléeṣẹ́ ló nílò rẹ̀.

Ìyá Gàrí Òkè-Ajé:
Gàrí tí àwa obìnrin mẹ́fà fọwọ́ yan lórí agbada, ṣé iléeṣẹ́ la wà?

Tíṣà Ìlíṣàn:
Ìyá, ojú tí mo fi ń wò ó nìyẹn náà. Àmọ́ ẹni tó wà lẹ́nu bodè ló ń túmọ̀ òfin.

Gbànja Ṣàgámù:
Dẹ́rẹ́bà, ọjọ́ 29 Oṣù Kìíní 2025 ni Nìjẹ̀ẹ, Mali àti Burkina Faso jáde pátápátá. Ṣé ẹrù wa ò ní di ti àjèjì báyìí?

Dẹ́rẹ́bà Ọ̀nà-Jíjìn:
Rárá, sà. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni ECOWAS kọ̀wé pé kí wọ́n ṣì máa ka ẹrù àti páásì wọn sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, títí di ìgbà tí wọ́n bá tún sọ̀rọ̀. Mo tẹ ìwé náà jáde, ó wà nínú ọ̀rá lókè orí mi nínú mọ́tò. Ẹni tó bá ní òun ò gbọ́, màá fún un kó kà á.

Gbànja Ṣàgámù:
Jọ̀ọ́, bá mi tẹ ẹyọ kan. Alájì ní ọmọbìnrin rẹ̀ kejì máa ṣègbéyàwó lẹ́yìn ìkórè.

Dẹ́rẹ́bà Ọ̀nà-Jíjìn:
Màá mú un wá sí Sábó lọ́jọ́ Ajé. Ìyá Gàrí, àpò mélòó lẹ ní fún Kútọnu?

Ìyá Gàrí Òkè-Ajé:
Ogójì. Bọ́ tapólì náà dáadáa, òjò ti ṣú.